Ta Ló Sọ Fún Ẹ?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí ẹ wà ní ọdún àṣekágbá, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn, ṣùgbọ́n bí a ò bá sọ ọ́ nínú ìwé tiwa yìí, ibo la ti fẹ́ sọ ọ́? Bó bá kan ẹnikẹ́ni, kó má bínú. Èmi gan-an ló kọ́kọ́ kàn.

Ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Kétu, níbi tí a ti ń to ìlà bí ẹni tó fẹ́ ra epo bẹntiróòlù, mo jókòó ti ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń bá tẹ prójẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí iṣẹ́ dé ìparí, ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé bi í pé, "Bọ̀ọ̀dá, rẹ́fárẹ́ǹsì ńkọ́?" Ó dáhùn láìwo ojú rẹ̀ pé, "Ẹ bá mi mú ti ẹni tó ṣe tiẹ̀ lọ́dún tó kọjá yẹn. Ẹ sáà yọ àwọn tó bá ti gbó jù kúrò." Ọmọbìnrin náà ṣí fáìlì mìíràn, ó dà á kọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ìwé 47 tí ọmọkùnrin yìí ò fojú rí rí ti di ìwé tó kà.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà há sí mi lọ́fun, torí pé ohun tí èmi náà ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni mò ń wò yẹn.

Tèmi rèé. Súpáfáísọ̀ mi fi báírò pupa yí orúkọ òǹkọ̀wé kan ká ní ojú ewé 19. Kò pariwo, kò bú mi. Ó kàn ní, "Ìwé yìí wù mí. Mú un wá fún mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun." Mo wá ìwé náà ní láíbìrì, kò sí. Mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí dátà mi fi tán, kò sí. Mo pe ẹni tí mo dà á kọ lára iṣẹ́ rẹ̀. Òun náà ní ara iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n òun lòun ti rí i. Ẹ̀gbọ́n ní ara iṣẹ́ ọ̀rẹ́ òun ni. Ọ̀rẹ́ ní òun ò rántí mọ́. Bí a ṣe tọ ipasẹ̀ ìwé náà títí ọ̀nà fi pin nìyẹn. Èèyàn mẹ́rin ti fi ìwé yẹn jẹ́rìí, kò sì sí ìkankan nínú wa tó rí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà ò jalè tó ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la gba epo yẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo dé ọ́fíìsì lọ́wọ́ òfo. Súpáfáísọ̀ dá gbogbo orí kejì padà fún mi, ó ní kí n tún un kọ, kí n má sì fi ohun tí mi ò kà sínú rẹ̀. Nígbà tí mo yọ gbogbo ohun tí mi ò kà kúrò, ojú ewé 31 di ojú ewé 8.

Ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbọ́ ò ju ẹyọ kan lọ. Rẹ́fárẹ́ǹsì kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí à ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìwé kí iṣẹ́ lè dà bí iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé. Ìdáhùn ni, sí ìbéèrè tí gbogbo wa ti ń gbọ́ láti kékeré: Ta ló sọ fún ẹ?

Bí o bá sáré wọlé lọ́mọdé pé, "Màámi, wọ́n ní wọ́n ti ti ọjà pa," ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn. Bí o bá tún ní, "Wọ́n ní ni," á ní, "Àwọn wo ni wọ́n?" Kò ní gbé ẹsẹ̀ títí o ó fi dárúkọ, yóò sì tún wò ó bóyá ẹni tí o dárúkọ yẹn máa ń purọ́. Ìyá tí kò jókòó ní kíláàsì rí mọ̀ pé "wọ́n ní" kì í ṣe ẹ̀rí. Àwa tí a ti lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì, tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ sì sọ ọ́ di mẹ́fà, la wá ń kọ "àwọn onímọ̀ sọ pé". Àwọn onímọ̀ wo?

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ láti ilé wa níbí. Ka prójẹ́ẹ̀tì mélòó kan lórí ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, yálà lórí omi, lórí ìdọ̀tí, lórí ọjà tàbí lórí ìbò, o ó rí iye èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ nínú orí kìn-ín-ní. Ìwé kan á ní 665,393. Òmíràn á ní 934,614. Méjèèjì á kọ ọ́ pé "gẹ́gẹ́ bí ìkànìyàn ọdún 2006", wọ́n á fi àmì ìdánudúró sí i, wọ́n á sì kọjá lọ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọ̀rọ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2006 ni National Population Commission ka gbogbo Nàìjíríà. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ kéde fún Ìpínlẹ̀ Èkó jẹ́ 9,013,534. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní irọ́ ni, pé àwọn náà ti ka èèyàn tiwọn, àti pé 17,552,942 làwọn rí. Ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba àpapọ̀ ni 665,393 ti wá. Ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ni 934,614 ti wá. Ìyàtọ̀ àárín wọn, ní Kòsọ́fẹ́ nìkan, jẹ́ èèyàn 269,221.

Àwọn èèyàn 269,221 yìí, ṣé wọ́n wà àbí wọn ò sí? Ṣé wọ́n ń sùn ní Alápẹ́rẹ́ ni, àbí inú ìwé nìkan ni wọ́n ń gbé? Bí o bá fẹ́ sọ pé ilé ìwòsàn Kòsọ́fẹ́ tó tàbí kò tó, iye tí o bá mú ló máa dá ẹjọ́ náà. Ẹ má sì gbàgbé pé iye èèyàn wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín owó ìjọba àpapọ̀, torí náà kò sí ẹni tó ka èèyàn tí kò mọ ohun tí iye náà lè fún un tàbí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ ẹni tó kà á jẹ́ apá kan iye náà. Ìwọ tí o kọ 934,614 láìdárúkọ ìjọba Èkó ti gbè sí ẹ̀yìn ẹnì kan nínú ìjà, o ò sì mọ̀ pé ìjà ń lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bọ́ọ̀sì BRT. Mo ti rí iṣẹ́ tó ní 2008 ló bẹ̀rẹ̀, mo rí èyí tó ní 2015 ni. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn tí wọ́n fà yọ. Oṣù kẹta 2008 ni ti Mile 12 sí CMS bẹ̀rẹ̀; oṣù kọkànlá 2015 ni wọ́n ṣí ti Mile 12 sí Ìkòròdú. Ẹni tó ka ìwé náà fúnra rẹ̀ á mọ ojú ọ̀nà tí òǹkọ̀wé ń sọ. Ẹni tó jí i dà kọ ń bá ọdún lọ láìmọ ibi tí bọ́ọ̀sì ń lọ.

Mo mọ èsì tí ẹ máa fọ̀ fún mi. Mo ti gbọ́ ọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní, ẹ ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ẹ ní àwa Yorùbá, ọ̀rọ̀ ẹnu ni tiwa, gbogbo wa la ni í. Irọ́ gbuu! Òótọ́ ni pé òyìnbó ló ni APA. 1929 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìlànà náà ní Amẹ́ríkà, ìtẹ̀jáde keje sì jáde ní 2019. Kọ́mà wọn ni tiwọn. Ṣùgbọ́n kí á dárúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, ta ló kọ́ babaláwo? Wándé Abímbọ́lá ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ lórí Ifá tó jáde ní 1976 pé apá mẹ́jọ ni ẹsẹ Ifá lè ní, orúkọ babaláwo tó dífá ló sì máa ń ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ la ó gbọ́ "a díá fún", tí a ó fi mọ ẹni tí wọ́n dá a fún, kí a tó gbọ́ ohun tó gbé e wá. Ẹni tó sọ ọ́, ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún, ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́. Kí ni súpáfáísọ̀ rẹ ń béèrè tó ju ìyẹn lọ?

Ọmọdé tó bá pòwe níwájú àgbà, ṣé kì í ní, "Tótó, ó ṣe bí òwe o"? Ohun tó ń sọ ni pé, èmi kọ́ ni mo ni ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin lẹ ni ín, mo yá a lò ni. Àgbà á wá dáhùn pé, "Wà á rí òmíràn pa." Ó ti yá a, ó sì ti jẹ́wọ́, wọ́n wá súre fún un pé kó tún wá yá òmíràn. Ọmọ tó bá gbàgbé tótó, ojú ọmọ tí a kò kọ́ ni wọ́n fi ń wò ó. Nílé-ẹ̀kọ́ wa ńkọ́? Ẹ̀yin náà ẹ fi ojú wo ara yín.

Bó bá sì jẹ́ ti ìwé kíkọ lẹ fẹ́, ẹ wo Àlùfáà Samuel Johnson. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ó dárúkọ àwọn tó sọ ìtàn fún un: David Kukomi ti ìjọ Ìbàdàn, Lágúnjú tó jẹ́ Tìmì Ẹdẹ, àti àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́. Kò ní "wọ́n ní". Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé ní ìlú òyìnbó, ó sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, tó sì tún ìwé náà tò. Nígbà tó tún fi í ránṣẹ́ ní 1916, àwọn Jámánì gba ọkọ̀ Appam tó gbé e lójú òkun. 1921 ló tó jáde. Ká ní ẹ̀gbọ́n ò tọ́jú àkọsílẹ̀ ni, kí ni àbúrò ì bá fi ṣiṣẹ́? Ìwọ tí fíláàṣì kan ṣoṣo tí fáírọ́ọ̀sì ti jẹ wà ní àpò ṣòkòtò rẹ, rò ó wò.

Èkejì, ẹ ní kọ̀ǹpútà lè ṣe é. Lóòótọ́, ó lè ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Zotero, tí yunifásítì George Mason ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2006, ọ̀fẹ́ ni. Bí o bá ti kó ìwé rẹ sínú rẹ̀, á tò ó fún ẹ ní a, b, d, á fi kọ́mà síbi tó yẹ. Mo ń lò ó. Ṣùgbọ́n ohun tí o bá fún un ló ń tò. Bí o bá kó irọ́ sí i, irọ́ tó tò dáadáa ló máa fún ẹ. Turnitin náà, ọ̀rọ̀ tó bá ara wọn jọ ló ń wá. Kò lè bi ẹ́ bóyá o ka ìwé tí o dárúkọ. ChatGPT ló wá burú jù, torí òun máa ń hùmọ̀ ìwé tí kò sí, á fún un ní òǹkọ̀wé, á fún un ní ọdún, títí kan ojú ewé. Ní 2023, adájọ́ kan ní New York bu ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn lọ́yà lórí nínú ẹjọ́ Mata àti Avianca, torí pé wọ́n kó orúkọ ẹjọ́ tí ẹ̀rọ yẹn hùmọ̀ wá síwájú ilé ẹjọ́. Ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò dá rí! Bó bá lè ṣe lọ́yà bẹ́ẹ̀, kí ló máa ṣe ìwọ tí o ń fi fóònù kọ orí kejì lóru nígbà tí iná ò sí?

Ẹ̀kẹta, ẹ ní àwọn olùkọ́ ló fà á. Èyí, mo gbà díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ bá ń ka ìwé yìí, a dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, ẹ dárí jì wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí ọmọ kó rẹ́fárẹ́ǹsì 50 wá láàárín oṣù mẹ́ta, pé ìkankan ò gbọdọ̀ ju ọdún márùn-ún lọ, ṣé ó ti wo inú láíbìrì wa ṣáá? Ṣé ó fẹ́ ká kàwé ni àbí ó fẹ́ ká kànwé? Ẹni tó bá ka ìwé 12 tó lè sọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́ ju ẹni tó to 50 jọ. Ẹ bi wá léèrè bí súpáfáísọ̀ mi ṣe bi mí. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ ní, "Mú un wá." Ọjọ́ kan ṣoṣo, àṣà yìí máa kúrò nílẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bí olùkọ́ bá ṣe tiẹ̀ tí kò dáa, ìyẹn ò sọ irọ́ di òótọ́.

Ìsinsìnyí ni mo wá dé ibi tó dùn mí jù. Àwọn tí a ń dárúkọ láìka ìwé wọn ni mo ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó sọ̀rọ̀ fún wa ní tòótọ́ tí a kì í dárúkọ wọn ńkọ́?

Prójẹ́ẹ̀tì mi dá lórí bí wọ́n ṣe ti ọjà Mile 12 pa ní oṣù kẹta ọdún 2016, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Hausa, tí Gómìnà Ambode pàṣẹ pé kí wọ́n tì í. Mo fẹ́ mọ ohun tí ó ṣe fún àwọn tó ń ta nǹkan tó ń tètè bàjẹ́. Ìyá kan tó ń ta ata rodo jókòó tì mí fún wákàtí méjì gbáko. Ó pa ọjà tì nítorí mi. Ó sọ iye apẹ̀rẹ̀ tó jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ti yáwó, ó sọ ti oníbàárà rẹ̀ ará òkè ọya tó ń pè é lórí fóònù lójoojúmọ́ láti béèrè àlàáfíà rẹ̀ nígbà tí ìjà ń lọ. Kò sí nínú ìwé kankan. Gbogbo orí kẹrin mi, ẹnu ìyá yìí ló ti jáde.

Nínú orí kejì, orúkọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí ẹsẹ̀ wọn ò kan Mile 12 rí tò lọ bẹẹrẹ. Ìyá ńkọ́? Mo kọ "ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò", mo kọ ọdún, ó parí.

Mo mú ẹ̀dà àkọ́kọ́ lọ hàn án, mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ó pe ọmọ rẹ̀ kó wá bá òun kà á. Ọmọ ṣí i, ó wá a títí, ó dé ìparí. Ìyá ní, "Ibo lorúkọ mi wà?" Ọmọ wo mi. Mo wolẹ̀. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò burú, ọmọ mi. Àwọn tó kàwé náà ni wọ́n ń kọ orúkọ wọn."

Ẹ gbọ́, báírò pupa súpáfáísọ̀ ò dùn mí tó ẹ̀rín yẹn. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ẹnì kan á ní APA ló fà á, pé ìlànà wọn ni pé ọ̀rọ̀ tí a bá gbọ́ lẹ́nu èèyàn, tí òǹkàwé ò lè rí wò, kì í wọ inú àkójọ ìwé ìparí. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìlànà ò bá ṣojú fún, kó sọ̀rọ̀. Ní Kánádà, Lorisha MacLeod, tó jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ Cree tó ń ṣiṣẹ́ láíbìrì, wò ó pé ìlànà yìí ń rẹ àwọn àgbà wọn sílẹ̀. Ó ṣe àpẹẹrẹ bí a ṣe lè kọ orúkọ àgbà, ẹ̀yà rẹ̀, ibi tó ń gbé àti ohun tó sọ sínú àkójọ bí a ṣe ń kọ ti ìwé. Àlàyé rẹ̀ jáde ní 2021. Kí ló dé tí a ò lè ṣe ti ìyá alátà àti ti baba arọ́kin bẹ́ẹ̀? Kí ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn o. Ọ̀rọ̀ ìjà kì í ṣe ohun tí gbogbo èèyàn fẹ́ kí a gbọ́ orúkọ wọn sí. Ẹni tó bá ní kí o bo òun, bò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí o ò bi, tí o wá parẹ́, o ti jà á lólè.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká tún ara wa ṣe. Ọjọ́ tí o bá ka ìwé ni kí o kọ orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún, àkọlé, ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ àti ojú ewé sílẹ̀. Ojú ewé ni mo tẹnu mọ́ jù, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ sọnù. Bí o bá ń ṣe fọ́tòkọ́pì orí kan nínú ìwé, ojú ewé àkọlé àti ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ ṣe. Bó bá jẹ́ inú iṣẹ́ Lágbájá lo ti rí ọ̀rọ̀ Làkáṣègbè, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ pé Lágbájá ló fà á yọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí o bá gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn, kọ ọjọ́, kọ ibi tí ẹ jókòó sí, béèrè bó ṣe fẹ́ kí o pe òun. Ìwé ẹ̀kọ́ olójú ewé 40 kan tó fún gbogbo rẹ̀.

Bí ẹni pé orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa gan-an ń bá wa wí: kò sí ọ̀fẹ́. Ohun gbogbo tí a mọ̀, ẹnì kan ló fún wa, orúkọ rẹ̀ sì ni owó tí a fi ń san án.

Mo ti tún prójẹ́ẹ̀tì mi tẹ̀. Orí kejì ò ju ojú ewé 14 lọ, ìwé 16 péré ló wà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì lè gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wá bí ẹ bá ní kí n gbé e wá. Ẹ̀kẹtàdínlógún kì í ṣe ìwé. Obìnrin ni, ó ń ta ata ní Mile 12. Mo padà lọ bi í bó ṣe fẹ́ kí n kọ ọ́. Ó pè é fún mi lẹ́ẹ̀mejì, orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, ó sì dúró tì mí títí mo fi kọ ọ́ tán.